Mílàn lójú aránṣọ Ìkòròdú: ibi tó yẹ kówó lọ, ibi tí kò yẹ

Mílàn, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, yẹ ní wíwò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú jẹun, ìbáà jẹ́ télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń ta aṣọ ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Àmọ́ kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń gbé owó ọjà lọ bí ẹni tó ń lọ Balógun. Ojú àti ìka ọwọ́ ni ẹ ń gbé lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìyẹn sọ́kàn, ọjọ́ mẹ́rin tó o, owó rẹ̀ kò sì ní ṣòfò. Ẹni tó bá lọ nítorí báàgì olórúkọ ńlá kan, báàgì kan náà ni yóò gbé bọ̀, pẹ̀lú gbèsè.

Ká tètè sọ ti ìwé kúrò nílẹ̀. Físà Schengen ọlọ́jọ́ kúkúrú ni, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, tó fàyè gba 90 ọjọ́ láàárín 180. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé máa bù lé e. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ lè gbé ìnáwó tó tó yúrò 30,000, ó kéré tán. Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún. Ohun tó ń ba ti oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ jù ni ìwé báńkì. Télọ̀ tó ń gba kéèṣì láti ọdún dé ọdún, tó wá rọ́ owó ńlá kan sínú àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó máa fi ìwé sílẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni kí owó iṣẹ́ ti máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìwé CAC ṣọ́ọ̀bù sì wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé ibi tó ti ń wá.

Pápákọ̀ òfurufú mẹ́ta ló ń jẹ́ Mílàn lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Malpensa ni ọ̀pọ̀ bàálù tó gba Istanbul, Addis Ababa tàbí Cairo kọjá máa ń bà sí; ó tó nǹkan bíi kìlómítà 50 sí ìlú, reluwé Malpensa Express sì máa ń gbé èèyàn dé ibùdó Cadorna ní àárín ìlú láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Linate ló sún mọ́ àárín ìlú jù. Ẹ̀kẹta, Orio al Serio, ìlú Bergamo ló wà, wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì ni bí ọ̀nà bá mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú sí Bergamo kì í fi bẹ́ẹ̀ rọjú mọ́ tí ẹ bá san owó bọ́ọ̀sì lálọ lábọ̀, pàápàá bí ẹ bá balẹ̀ lóru.

Ní ti ọkọ̀ inú ìlú, ẹni tó bá ti ń fi káàdì Cowry wọ BRT láti Ìkòròdú lọ TBS ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlà márùn-ún ni reluwé abẹ́ ilẹ̀ wọn. Èyí tó pupa, M1, ló dàgbà jù, ọdún 1964 ló bẹ̀rẹ̀. M4 tó ní àwọ̀ búlúù ló kéré jù, ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i tán pátápátá, òun ló sì ń gbé èèyàn láti Linate dé San Babila ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ yúrò 2.20, ó sì wúlò fún 90 ìṣẹ́jú, kódà títí dé Linate. Ti wákàtí 24 jẹ́ 7.60, ti ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 15.50. Ẹni tó bá máa wọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ti wákàtí 24 ti san án. Ẹ lè fi káàdì báńkì tẹ ẹ̀rọ náà ní tààrà, ṣùgbọ́n ẹ rántí tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń jáde. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ẹni tó fi fóònù tẹ̀ ẹ́ wọlé, tó wá yọ káàdì gan-an láti fi jáde, ẹni méjì ni ẹ̀rọ kà á sí, nítorí nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yàtọ̀ sí ti ojú káàdì. Káàdì kan, èèyàn kan. Ọkọ kò lè fi tirẹ̀ gbé ìyàwó wọlé. Káàdì náírà lásán sì lè kọ̀ nígbà tí èrò bá ti tò gùn lẹ́yìn yín, nítorí náà ẹ ní yúrò díẹ̀ lápò.

Nínú ohun àtijọ́ tó wà nílùú náà, Duomo ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Ọdún 1386 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, 1965 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn sí i. Bí àwọn ará Mílàn bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kì í tán, wọ́n á ní iṣẹ́ Duomo ni. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù kò nílò ògbufọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yẹn. Candoglia ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta mábù rẹ̀, orí omi ni wọ́n sì gbé e gbà, láti adágún Maggiore bọ́ sí odò Ticino, láti ibẹ̀ bọ́ sí ipa omi Naviglio Grande tí wọ́n gbẹ́ wọ ìlú. Wọ́n á kọ AUF sára òkúta kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ti ilé Ọlọ́run ni, kí oníbodè má gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Bí owó bá máa mọ síbì kan, òrùlé ni kí ẹ san ti ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn kéré sí ti lífùtù. Àtẹ̀gùn náà lé ní igba, orúnkún tó bá ń dùn yín kó gba lífùtù. Lókè, ẹ ó máa rìn láàárín òkúta tí wọ́n gbẹ́ lu ojú-ojú bíi léèsì, ṣónṣó orí rẹ̀ 135, ère Màríà tí wọ́n fi wúrà bò sì wà ní ṣónṣó tó ga jù, mítà 108.5 sókè. Ẹni tó ń ya àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ yóò rí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kó sínú fóònù rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí oòrùn bá ń fi ẹ̀gbẹ́ tan òkúta. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ kí wọ́n tó gbà yín wọlé. Ìró àti bùbá kọjá wẹ́rẹ́, ọkùnrin á ṣí fìlà. Wọ́n máa ń yẹ àpò wò, wọn kì í sì í gba àpótí ìrìn-àjò wọlé, nítorí náà ẹ má ti reluwé balẹ̀ kí ẹ sì máa wọ́ ẹrù lọ síbẹ̀.

Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà ló ń já àwọn àlejò kulẹ̀ jù, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti àwòrán. Àárín 1495 sí 1498 ló yà á sára ògiri yàrá ìjẹun àwọn mọ́ńkì ní Santa Maria delle Grazie. Dípò kó kun ọ̀dà sára ògiri tútù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe, ògiri gbígbẹ ló lò, kó lè máa rọra tún un ṣe. Ọ̀dà náà kò wọ inú ògiri, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kó tó kú. Bọ́ǹbù wó yàrá náà ní 1943, ògiri yẹn ló dúró. Nítorí pé èémí èèyàn pàápàá ń bà á jẹ́, ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n ń kó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 15 péré sì ni. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jáde ní apá-apá, oṣù mélòó kan ṣáájú, orúkọ yín máa wà lára rẹ̀, ó sì máa ń tán kíá. Ẹ rà á ní kété tí físà bá jáde. Ẹni tó bá di ìgbà tó dé Mílàn kó tó wá a, ọwọ́ àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ni yóò ti rà á ní ìlọ́po owó rẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, ẹ gbójú kúrò lára Júdásì díẹ̀, kí ẹ wo aṣọ tábìlì: Leonardo ya ojú ibi tí wọ́n ká aṣọ náà sí kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, àti iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ búlúù tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Aránṣọ nìkan ló máa ń rí ìyẹn.

Tí kò bá sí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ má sunkún. Ẹ lọ ilé àwòrán Pinacoteca di Brera, ẹ wo Ìfẹnukonu tí Francesco Hayez yà ní 1859. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣubú sára aṣọ sẹ́dà aláwọ̀ sánmà tí obìnrin yẹn wọ̀, tó ń dán níbi tó ti sẹ́, tó ṣú níbi tó ti wọnú, kò sí ẹni tó ń ta sátínì tí kò ní dúró. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni, èrò sì máa ń pọ̀. Ọjọ́ Ajé, Brera àti yàrá Leonardo ń tì.

Ó kan ibi tí orúkọ Mílàn ti jáde. Ibi táa ń pè ní Quadrilatero, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ olórúkọ ńlá wà, kò ju àdúgbò tí ẹ lè fi wákàtí kan rìn já: Via Montenapoleone, Via della Spiga, Via Manzoni àti Corso Venezia. Galleria Vittorio Emanuele II wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Duomo, Giuseppe Mengoni ló yàwòrán rẹ̀, ó jábọ́ láti orí àgbékọ́ níbẹ̀ ó sì kú ní ìparí 1877; inú rẹ̀ ni Mario Prada ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ní 1913. Àwọn èèyàn á máa fi gìgísẹ̀ yí lórí àwòrán màlúù tó wà nílẹ̀ nítorí oríire. Ẹ wò wọ́n, ẹ kọjá.

Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni ilé-ẹ̀kọ́, kò sì gba owó. Ìgbà ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá tan iná ni kí ẹ lọ, kí gíláàsì má máa fi ojú yín hàn yín. Lára kóòtù ọkùnrin, ẹ wo ihò bọ́tìnnì ẹyọ kan tó wà ní àyà kọ́là. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe dáadáa ni àwọn télọ̀ káàkiri ayé ń fi orúkọ ìlú náà pè: ihò Milanese. Wọ́n á kọ́kọ́ gé ihò, wọ́n á na okùn tín-ín-rín kan yí etí rẹ̀ ká, wọ́n á wá máa fi òwú sẹ́dà wé okùn náà, wíwé kọ̀ọ̀kan á fara kan èkejì, kò ní sí àlàfo, á yọ sókè, á sì máa dán bí okùn wúrà. Ti ẹ̀rọ yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń rán kó tó gé, ìdí nìyẹn tí irun aṣọ fi máa ń yọ láàárín rẹ̀. Ẹ wo bí ìlà aṣọ ṣe bá ara mu láti àyà wọ ojú àpò, àti láti ẹ̀yìn wọ kọ́là. Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti fọwọ́ kàn án, bọ́tìnnì ìwo máa ń tutù lọ́wọ́, àwọ̀ ìkọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ díẹ̀. Ti rọ́bà kì í tutù, gbogbo wọn sì jọra bí ìbejì. Èèyàn tó ti jókòó ti àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá yóò mọ̀ pé sùúrù kan náà ni, òwú ló yàtọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ kí wọn ní *buongiorno* ní ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wo ohunkóhun. Àwọn Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ lórí ìkíni, àmọ́ ọ̀pọ̀ àlejò ló ń gbàgbé, ojú tí wọ́n á sì fi wò wọ́n á yí padà lójú ẹsẹ̀. *Posso toccare?* ni ẹ ó fi béèrè bóyá ẹ lè fọwọ́ kan aṣọ. Ẹ má yọ téèpù nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ẹ ti mọ bó ṣe máa rí lára yín tí wọ́n bá ṣe é fún yín ní Sábó. Fún ẹni tó fẹ́ wo aṣọ ní ìrọ̀rùn, ẹ lọ Armani/Silos ní Via Bergognone, tí Giorgio Armani ṣí ní 2015, ogójì ọdún lẹ́yìn tó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ara ère ni aṣọ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń tì yín láti rà, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bí èjìká ṣe jókòó.

Nọ́ńbà ara aṣọ wọn kì í ṣe ìnṣì. Ti kóòtù ọkùnrin, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn ni àyà ní sẹ̀ǹtímítà: 50 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, tó jẹ́ nǹkan bí ìnṣì 39 ààbọ̀. Ẹ wọ̀n ara yín nílé. Ẹ̀dínwó tòótọ́ wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Ọ̀sẹ̀ ìfihàn aṣọ obìnrin ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án, ẹni tí wọ́n fìwé pè ló ń wọlé. Ẹni tí wọn kò pè, owó òtẹ́ẹ̀lì tó gbówó lórí nìkan ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù Kẹrin, nígbà ìpàtẹ àga àti tábìlì.

Aṣọ gígé ni ìrìn-àjò náà ti ń san owó rẹ̀ padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta, ọjà Viale Papiniano máa ń ná, ibùdókọ̀ Sant'Agostino lórí M2 ni ẹ ó sọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni *scampoli*, ìyókù aṣọ tó ṣẹ́ kù lára ìdì. Ẹ lọ láàárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ṣà á tán. Ẹ lè tọrọ *sconto*, ìyẹn ẹ̀dínwó, bí ẹ bá mú ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ẹni tó bá dá ìlàjì owó bíi ti Balógun, wọ́n á kàn kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ kéékèèké inú ìlú ń tì fún oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀pọ̀ kì í ṣí láàárọ̀ Ajé, bó bá sì di àárín oṣù Kẹjọ, ẹ ó rí *chiuso per ferie*, ìyẹn ni pé a ti tì fún ìsinmi, lójú ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n lé gbogbo ìlú lọ.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni kí ẹ há sórí: *lana* ni irun àgùntàn, *seta* ni sẹ́dà, *lino* ni ọ̀gbọ̀, *cotone* ni òwú, *poliestere* ni pọlísítà. *Misto lana* kì í ṣe irun àgùntàn, àdàlù ni, ẹ béèrè iye tó jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yí etí aṣọ wò, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó hun ún máa ń hun orúkọ sí. Bí ojú kò bá dá yín lójú, ẹ fa òwú méjì yọ, kí ẹ sun ún níta: irun àgùntàn àti sẹ́dà á rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́; pọlísítà á yọ́, á sì le bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Super 100's, Super 120's táwọn olówó ń fi ń fọ́nnu, ìtínínrín irun nìkan ló ń sọ: 100's kò gbọ́dọ̀ ju máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) 18.75 lọ, 120's kò gbọ́dọ̀ ju 17.75, 150's kò gbọ́dọ̀ ju 16.25. Bó ṣe tín-ín-rín tó ló ṣe ń tètè gbó tó. Ṣòkòtò Super 150's lórí àga dáńfó láti Gáréèjì dé Mile 12 lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ á máa dán kí ọdún tó yí. Fún ooru wa, 100's tàbí 110's ni kí ẹ rà, kí ìwúwo rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 210 sí 250 ní mítà kan, kí ìhun rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí atẹ́gùn lè gbà kọjá: ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ rí ojú rẹ̀.

Mítà ni wọ́n ń tà, kì í ṣe yáàdì. Yáàdì 10 jẹ́ mítà 9.14. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré ra mítà mẹ́sàn-án fún agbádá. Aṣọ kóòtù wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 150, èyí tí a mọ̀ sí ìnṣì 45 nílé kò ju 114 lọ. Bí a bá fi fífẹ̀ ṣírò rẹ̀, yáàdì 10 tiwa kò ju mítà 7 tiwọn lọ. Ẹ fi ìlàjì mítà lé e tí aṣọ bá ní ìlà tí ẹ fẹ́ kó bá ara mu. Kóòtù àti ṣòkòtò ẹni tó ga níwọ̀nba, mítà mẹ́ta ààbọ̀.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan sí i, kó wọ reluwé lọ Como láti Cadorna, wákàtí kan ni. Ìlú sẹ́dà ni. Museo della Seta tó wà níbẹ̀ ń fi hàn láti orí kòkòrò dé orí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Ẹni tó mọ ẹkùkù, tó mọ̀ pé ara kòkòrò inú igbó ni òwú sányán ti ń wá, á dúró pẹ́ níbi ìkòkò omi gbígbóná tí wọ́n ti ń fa òwú: kòkòrò tiwọn jẹ́ ti ilé, okùn kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ ni wọ́n ń fà yọ lára rẹ̀, ti ẹkùkù, ṣe ni a ń sè é tí a sì ń ran án bí òwú.

Oúnjẹ kò ní fa ìjà. Ìrẹsì aláwọ̀ òféèfèé wọn, risotto, kò ní ata, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Panzerotti dà bíi mítìpáì tí wọ́n dín, ó yó èèyàn, kò wọ́n. Kọfí tí ẹ dúró mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà kéré sí èyí tí ẹ jókòó mu, *coperto* tó wà nínú bílì sì jẹ́ owó ìjókòó, kì í ṣe jìbìtì. Omi ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé tó ń dà ní ẹ̀bá títì ṣeé mu, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tó ń bíni nínú níbẹ̀ kò pọ̀, ojúlé kan náà ni: iwájú Duomo. Àwọn kan á so okùn mọ́ yín lọ́rùn ọwọ́, tàbí kí wọ́n fi àgbàdo ẹyẹlé sí yín lọ́wọ́, wọ́n á wá béèrè owó. Ẹ fi ọwọ́ sápò. Báàgì ayédèrú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹ má rà á. Òfin Ítálì ń mú ẹni tó rà náà, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó yúrò 7,000.

Owó orí ọjà tó jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, àlejò lè gba apá kan padà bí ohun tó rà ní ṣọ́ọ̀bù kan bá ju yúrò 70 lọ. Ẹ fi páásípọ́ọ̀tù hàn kí wọ́n tó kọ ìwé rẹ̀, kí kọ́sítọ́ọ̀mù pápákọ̀ rí i kí ẹ tó fi àpótí sílẹ̀, aṣọ tí ẹ kò tíì lò ni. Ìlò ara ẹni nìkan ló wà fún. Kò ní pé 22, ilé-iṣẹ́ tó ń dá owó padà máa ń yọ tirẹ̀.

Aṣọ mítà mẹ́ta ààbọ̀ tó wúwo gíráàmù 250 kò pé kílò kan, nítorí náà àpótí kílò 23 á gba púpọ̀ ju bí ẹ ṣe rò. Ẹ má ká a pọ́njú. Ẹ yí i mọ́ páálí, kó má ní ìlà tí áyọ́ọ̀nù kò ní lè nà. Nílé, kí ẹ tó gé e, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó ń yọ ooru omi gbà á já kó sún kì tó bá máa sún kì, kí ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì. Ọ̀rinrin ọ̀sà tó ń fẹ́ wá láti Ẹ̀bútẹ́ àti Báyékù máa ń fa èbu sára irun àgùntàn, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá èyí tí òógùn ti kàn. Inú àpò aṣọ òwú ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì fi bébà wé káńfọ̀ kó má baà kan aṣọ gan-an, nítorí ó lè fi àbàwọ́n sílẹ̀.